Ta ni yóò kọ́ Kẹ́hìndé bí wọ́n ṣe ń jẹun?

Ìbéèrè kan dé láti Àpáta, n'Íbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìbejì ni mí. Àwọn ọmọ mi, Táyé obìnrin àti Kẹ́hìndé ọkùnrin, ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Oyún oṣù méje ni mo fi bí wọn. Kẹ́hìndé ló kéré jù, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè fa ọmú. Táyé ń jẹ gbogbo nǹkan. Ní ti Kẹ́hìndé, ẹ̀kọ mímu, mílíìkì, bísíkíìtì àti inú búrẹ́dì ni, ó tán. Bí nǹkan bá ti ní kókó, èébì ni. Ẹ̀wà tó jẹ́ oúnjẹ ìbejì gan-an, bó bá ti rí i, ẹkún. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa rọ ọ́, pé bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. A ti ra oògùn ìjẹun ìgò mẹ́ta. Ẹnì kan sọ fún mi pé ní ìlú òyìnbó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ́ ọmọ ní oúnjẹ jíjẹ. Ṣé irú wọn wà n'Íbàdàn? Ibo ni kí n lọ? Ṣé kí n sì máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ń jẹun?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ sì kú ìfaradà. Wọ́n wà n'Íbàdàn. Ohun tó fà á tí ẹ kò fi rí wọn ni pé kò sí pátákó tí wọ́n kọ iṣẹ́ náà sí lójú títì. Ní ìlú òyìnbó, feeding therapy ni wọ́n ń pè é, ẹlòmíì sì wà tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn. Níbí, iṣẹ́ náà pín sọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀: occupational therapist, speech therapist, dietitian tó jẹ́ onímọ̀ oúnjẹ, àti dókítà ọmọdé tó máa so gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá dé ọsibítù tí ẹ béèrè feeding therapy, wọ́n lè sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí níbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé, "Ọmọ mi ò lè rún oúnjẹ, oúnjẹ tó ní kókó ń mú un bì, occupational therapist tàbí speech therapist tó ń tọ́jú ọmọdé ni mo fẹ́ rí," wọ́n á mọ ẹ̀ka tí wọ́n máa darí yín sí.

Occupational therapist ni èmi fúnra mi, àwọn ọmọdé ni mo sì ń tọ́jú. Bí mo bá sọ orúkọ iṣẹ́ mi fún èèyàn, wọ́n á ní, "Áà, físíò!" Mi ò bínú mọ́. Físíò ń ṣiṣẹ́ lórí ìrìn, egungun àti iṣan. Tiwa ni àwọn nǹkan tí èèyàn ń fi ojoojúmọ́ ṣe, bíi wíwọ aṣọ, ìwẹ̀, eré, àti oúnjẹ jíjẹ. Speech therapist náà ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ, nítorí ẹnu, ahọ́n àti ọ̀fun tí a fi ń sọ̀rọ̀ náà la fi ń gbé oúnjẹ mì. Èyíkéyìí tí ẹ bá kọ́kọ́ rí nínú àwa méjèèjì, ẹ bá a lọ.

Mi ò tíì fojú rí Kẹ́hìndé, nítorí náà mi ò lè sọ pé nǹkan báyìí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo oúnjẹ mẹ́rin tó gbà yẹn dáadáa. Ẹ̀kọ mímu. Mílíìkì. Bísíkíìtì, tí itọ́ ń sọ di ẹ̀kọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú búrẹ́dì, tí ìyẹn náà ń yọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè eyín! Àwọn ará ilé lè ní ó ń yan oúnjẹ, ó ń ṣe àkẹ́jù. Ohun tí èmi rí nínú lẹ́tà yín ni ọmọ tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá ń mu ẹ̀kọ, ahọ́n rẹ̀ kàn ń lọ síwá sẹ́yìn ni, bí ẹni ń ti nǹkan lọ sínú ihò. Nǹkan tó bá ní kókó ní iṣẹ́ mìíràn. Ahọ́n ní láti gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, sórí èrìgì níbi tí eyín ńlá ń hù sí, kó dá a dúró síbẹ̀ kí àgbọ̀n lè rún un, kó pò ó mọ́ itọ́, kó kó o jọ padà sí àárín, kó tó wá tì í sẹ́yìn láti gbé e mì. Ahọ́n tí kò mọ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ á ti kókó náà lọ sẹ́yìn tààrà láìrún. Ọ̀fun á rí i pé nǹkan tó ń bọ̀ yìí tóbi jù, á sì dá a padà. Èébì tó ń gbé Kẹ́hìndé kì í ṣe àfojúdi. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀fun ni, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibo ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn? Láti oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ń tọ́ oúnjẹ wò sí nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n máa rí oúnjẹ tó ní kókó díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó bá ré ìgbà yẹn kọjá lórí oúnjẹ tó ń ṣàn nìkan sábà máa ń bá kókó ṣòtá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí, ní ìgbà náà, kí ni Kẹ́hìndé ń jẹ? Mo fura pé ẹ̀rù bà yín nítorí bó ṣe kéré tó, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀kọ tó gbà yẹn máa bá a lọ. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Rọ́bà imú yẹn náà wà lọ́kàn mi. Ọmọ tó ń fa ọmú ń ṣe nǹkan mẹ́ta pa pọ̀: ó ń fà, ó ń gbé mì, ó ń mí. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ara wọn rìn, oyún ti sábà máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. Àwọn ìbejì yín dé ṣáájú ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba imú Kẹ́hìndé fún un ní wàrà, rọ́bà yẹn ló sì gbà á là. Àmọ́ ohun tí ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni rọ́bà, pílásítà àti ìnira, nígbà tí Táyé ti ń mọ ọmú. Àwọn ọmọ kan máa ń gbàgbé. Àwọn kan kì í gbàgbé bọ̀rọ̀; ohunkóhun tó bá kan ẹ̀yìn ahọ́n wọn, wọ́n á ta gìrì. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí fún ẹni tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí wọn ò bá béèrè.

Ẹ̀wà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń dun Màmá, ìyá ọkọ yín, pé ìbejì kan ò jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà àṣè nínú ọbẹ̀ wà lára oúnjẹ tó le jù fún irú ọmọ yìí. Inú rẹ̀ rọ̀, èèpo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, epo àti omi ọbẹ̀ sì ń sáré níwájú kí kókó tó dé. Oúnjẹ tó jẹ́ olómi tó tún ní kókó, iṣẹ́ méjì ló gbé fún ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàlagbà kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Kí n sọ èyí kí n má gbàgbé: bí ẹnì kan bá sọ pé ọmọ òun ń jẹ àmàlà, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n rún. A kì í rún òkèlè nílẹ̀ wa, gbígbé mì ni. Ewédú á yọ̀ ọ́ lọ. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń jẹ àmàlà àti ewédú bí ẹni ń mu omi, tí kò lè jẹ ẹyọ iṣu kan ní sísè. Àwọn òbí rẹ̀ ò fura títí ó fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé tí àwọn tíṣà sì ń dá oúnjẹ rẹ̀ padà sílé.

Ẹ wá gbọ́, ìtàn tí mo ń sọ yìí lè má jẹ́ ti Kẹ́hìndé rárá, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àwa tó kù. Ọmọ lè má jẹun nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, nítorí ìgbẹ́ tó gan mọ́ ọn nínú, nítorí oúnjẹ tó ń ru padà láti inú àpòlúkù tó sì ń jó o láyà, nítorí eyín tó jẹrà, tàbí nítorí ẹran inú ọ̀fun tó wú tó fi jẹ́ pé ẹnu ló fi ń mí, tó sì ń hanrun lóru. Bí ó bá jẹ́ pé ẹran ọ̀fun ni, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kó rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé belúbelú fún un nílé. Iṣan ẹnu tó dẹ̀ tàbí tó le jù, irú èyí tí à ń rí lára àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tó ń da iṣan ara láàmú, ń fa ìṣòro oúnjẹ. Autism, níbi tí ọpọlọ ọmọ ti ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀, náà ń fà á: ojú, òórùn àti bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ lè dẹ́rù ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ẹ kò sọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí, bó ṣe ń rìn, tàbí bóyá ó ń da itọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí omi lásán bá ń ta á lórí tó ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá mu ún. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ètè rẹ̀ bá ń ṣú. Bí òtútù àyà bá ń mú un lámútúnmú. Bó bá ń rù. Bó bá kọ omi pàápàá, tí kò tọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ní ti rírù, ìwọ̀n kan wà tí ẹ lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: wọ́n á fi tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ wọn apá rẹ̀ lókè. Fún ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59, bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 12.5, oúnjẹ kò tó o lára. Bó bá kéré sí 11.5, ó ti le, ẹ kọjá sí ọsibítù.

Ó wá kan rírọ. Màmá kò ní ìkà nínú, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n rọ èmi náà. Ìyá ìyá mi á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ mi sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ìgbákọ sí mi lẹ́nu, á da ẹ̀kọ sí i, á wá di imú mi títí n ó fi gbé e mì. Mo yè. Ṣùgbọ́n àwa tí a yè la wà níbí tí à ń sọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun. Ojú kan náà ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pínyà. Bí a bá ń gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan á bo ọ̀nà èémí, èémí á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, oúnjẹ á kọjá. Ọmọ tó ń ké kò lè dá èémí dúró. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí a bá tún di imú rẹ̀, ẹnu nìkan ló kù tó lè fi mí, ẹ̀kọ ló sì kún ẹnu náà. Èyí tó bá gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró lè di ìwúkọ́ tí kò lọ, ó lè di òtútù àyà, ó sì lè pa ọmọ lójú ẹsẹ̀. Fún ọmọ tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ń gbé nǹkan mì dáadáa, ewu yẹn di ìlọ́po.

Èyí tí kò sì pa á lára á pa ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń rọ kò ní kọ́ bí a ṣe ń rún nǹkan, nítorí rírọ kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́ ni pé bí ṣíbí bá ti ń bọ̀, ogun ń bọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ti ṣíbí bọ ọmọ kan lẹ́nu nígbà tó ya ẹnu láti sunkún. Inú mi dùn pé ó gbé e mì. Ó tó oṣù méjì kí ọmọ náà tó tún gbà kí n jókòó tì í. Ìwé mi ò kọ́ mi níyẹn, ọmọ yẹn ló kọ́ mi.

Kí ẹ wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n má rọ ọ́ mọ́, láìfún wọn níṣẹ́ mìíràn, ìjà ni yóò dà. Mo ní iṣẹ́ fún wọn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ: ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ọmọdé. Oni Memorial Children's Hospital wà ní Ring Road, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n sì ń tọ́jú níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí yín. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n wo ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún yín sí UCH, ìyẹn University College Hospital. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì, ó máa dín ìrìn yín kù. UCH ni mo fẹ́ kí ẹ dé ní ìkẹyìn, nítorí níbẹ̀ ni ẹ ti lè rí gbogbo wa lábẹ́ òrùlé kan: dókítà ọmọdé, ẹ̀ka occupational therapy, físíò, dietitian, àti speech therapist, tí ẹ máa bá lọ́dọ̀ àwọn etí, imú àti ọ̀fun. Bí wọ́n bá fura pé oúnjẹ ń yà sí ọ̀nà èémí, wọ́n lè ní kí ẹ ya fọ́tò X-ray tí ọmọ á máa gbé omi funfun kan mì bí wọ́n ti ń yà á.

Ẹ tètè jí. Bí ẹ bá wọ takisí Micra dé Total Garden, nítòsí UCH, lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ìlà tí ẹ máa bá nílẹ̀ á ti gùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káàdì àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín nìkan lẹ máa gbà. Ẹ má jẹ́ kíyẹn lé yín sá. Bí ẹ bá ń san owó sí ètò ìlera OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí ti ibi iṣẹ́ ọkọ yín, ẹ béèrè níwájú kí ẹ tó lọ pé kí ni wọ́n máa bá yín san nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì gba Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ẹ̀ka Special Education wọn, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti igbọ́ràn. Ẹ lè béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń tọ́jú oúnjẹ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ àwọn therapist tó ń ṣe ti ara wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ni wọ́n ń bá ọmọ lọ, ẹnu ni wọ́n sì fi ń júwe wọn. Àwọn iléèwé tó ń gba ọmọ abirùn tàbí ọmọ tó ní autism náà mọ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ayédèrú wà. Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní occupational therapist, físíò tàbí speech therapist ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin 1988 dá sílẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó ní i kò ní bínú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Bí ọmọ mi bá kọ̀, kí lẹ máa ṣe?" Bó bá ní òun á di ọwọ́ rẹ̀ mú, tàbí pé ẹkún ò pa ọmọ, ẹ dìde. Ẹni tó bá ṣèlérí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á máa jẹ ohun gbogbo, irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ yìí ń gba oṣù, nígbà míì ó ń gba ju ọdún kan lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ gbé ife àti ṣíbí rẹ̀ dání, ẹ gbé oúnjẹ kan tó fẹ́ràn àti ọ̀kan tó kọ̀. Kí ebi pa á díẹ̀, kó má pa á jù. Kí ẹ sì ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nílé, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta tó ń jẹun, kí ẹnu àti ara rẹ̀ hàn. Fídíò yẹn níye lórí ju ìtàn lọ, nítorí ọmọ lè dé ọ̀dọ̀ wa kó pa ẹnu dé. Ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ náà lè jọ eré lójú yín: ọmọ ń fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi bísíkíìtì kun ọbẹ̀, ó ń fẹ́ ìfóòfó ọṣẹ. Ìyá kan ti sọ sí mi lójú pé, "Ṣé torí èyí ni mo ṣe sanwó?" Torí ẹ̀ ni. Ọwọ́ ń gbà kí ẹnu tó gbà.

Bí ẹ ṣe ń dúró de ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ wà nílé.

Ẹ wá àpótí kékeré fún un àti tábìlì tó bá a mu. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa, kí orí rẹ̀ má gbé sẹ́yìn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lókè ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wá ibi tó máa fara tì, kò ní èyí tó máa fi rún nǹkan. Ẹ pa fóònù. Ẹ dá àsìkò oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́ pẹ̀lú ìpápánu, kí wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta wà láàárín wọn, kó jẹ́ omi nìkan ni yóò máa mu láàárín. Ìjókòó oúnjẹ kan kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bó bá ti pé, ẹ kó àwo láìbínú. Mílíìkì rẹ̀ kò yẹ kó ju bí ìlàjì lítà lọ lóòjọ́, nítorí ikùn ọmọ kò tóbi. Mílíìkì tó pọ̀ jù ń lé ebi, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dín kù.

Oògùn ìjẹun, ẹ jẹ́ kó tán níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń mú ebi pa ọmọ lóòótọ́, wọ́n tún ń mú un sùn, ṣùgbọ́n kò sí ìgò tó ń kọ́ ahọ́n ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Ó wá kan iṣẹ́ Màmá: gbẹ̀gìrì. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ ti ní oògùn nínú ìkòkò tí ẹ ò mọ̀. Ẹ̀wà ni, tí wọ́n ti bọ́ èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀ bí ọṣẹ, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ lù tàbí tí wọ́n sẹ́. Kò ní èèpo, kò ní kókó, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ tó ti mọ̀. Kí Màmá sè é láìfi ata pọ̀ sí i, kó nípọn díẹ̀ ju ti ọlọ́bẹ̀ lọ. Ẹ bu ṣíbí kan sí àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ má dà á sínú ẹ̀kọ náà ní ìkọ̀kọ̀! Bó bá fura, á kọ ẹ̀kọ pẹ̀lú, ẹ ó wá pàdánù ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ kàn gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní ó lè tì í dànù. Ó lè fi ìka kàn án lọ́jọ́ kẹrin, kó lá ìka náà lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní láti bá oúnjẹ tuntun pàdé ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó gbà á, ti ọmọ bíi Kẹ́hìndé sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ń jáwọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ìkẹrin.

Bó bá gba gbẹ̀gìrì, kí ó nípọn sí i. Lẹ́yìn náà, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, láìsí ẹja àti ẹyin nínú, tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ṣíbí tẹ̀ mọ́ gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà kan náà ni, òórùn kan náà, ẹnu kò ní ṣàjèjì sí i. Àkàrà ló kàn, inú rẹ̀ ná, kó tó kan ẹ̀yìn tó le. Ẹ̀kuru kì í ṣe tirẹ̀ báyìí, ó ń fọ́ yángá yángá kiri ẹnu. Ẹ̀wà àṣè ló máa kẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Nígbà yẹn Màmá á lè sọ fún ará àdúgbò pé àwọn làwọn fi gbẹ̀gìrì kọ́ Kẹ́hìndé ní ẹ̀wà, mi ò sì ní jà wọ́n níyàn.

Rírún fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí therapist bá yín bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a bá ti rí i pé ó ń gbé nǹkan mì láìséwu. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó gé dòdò tó rọ̀ tàbí iṣu sísè bí ìka, gígùn, a ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu lórí èrìgì, kì í ṣe àárín, kí ahọ́n lè wá a lọ síbẹ̀. Ẹ̀pà tí a kò lọ̀, gúgúrú àti hóró agbálùmọ̀, kí wọ́n jìnnà sí àwọn méjèèjì títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún, Táyé pẹ̀lú. Wọ́n ń há ọmọ lọ́fun.

Títí gbogbo èyí fi máa bọ́ sí i, ẹ̀kọ náà ló máa gbé e ró, ògì lásán kò sì ní agbára tó. Ẹ jẹ́ kó nípọn. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà tí a yan tí a lọ̀, tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúná, sí i, tàbí epo pupa ṣíbí kékeré kan. Ẹ̀yin á ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ má fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà, níwájú rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kó bá yín rò ó, kó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ ìka méjì lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ tó fi kún un. Dietitian á sọ iye tó tọ́ sí ìwúwo rẹ̀ fún yín.

Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn. Rárá o, ẹ má yà wọ́n. Àwo kan náà, tábìlì kan náà, kí oúnjẹ Táyé wà níbi tí Kẹ́hìndé ti lè rí i kó sì gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ ń gba nǹkan lójú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe ń gbà á lójú wa lọ, Táyé ló kúkú ń tọ́ ayé wò fún Kẹ́hìndé. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni nílé má sọ "Wo Táyé, wo bó ṣe ń jẹun." Bí Táyé bá jẹ tirẹ̀ tán, kó dìde lọ ṣeré. Bí Kẹ́hìndé bá fẹ́ fi ọwọ́ kan èyí tó kù nínú àwo Táyé, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i.